Ẹ̀wù Jádesọ́lá Wúwo Ju Jádesọ́lá Lọ

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí a gbé Jádesọ́lá ọmọ mi lọ sí Sakété fún wíwọ̀n, ọkọ̀ ojú irin tó gbé wa láti Pobè ń mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó tó ru ọlọ. Ọmọ oṣù mẹ́wàá ni Jádesọ́lá. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ wo irin ojú ọ̀nà náà. Ibi tí ọkọ̀ wa gbà kọjá tẹ̀ títí dòní.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n ti ìdí ọ̀rọ̀ wá.

Lucien ni orúkọ mi. Ọdún kejì lẹ́yìn tí àwọn Faransé ká àsíá wọn kúrò nílẹ̀ wa ni mò ń sọ yìí. Ilé-iṣẹ́ ọ̀pẹ tó wà ní Pobè ni mo ti ń gé ìdì ẹyìn, lórí àwọn ọ̀pẹ tó ga débi pé bí èèyàn bá wà lókè wọn, òjò á kọ́kọ́ kí i kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá kí àwọn tó kù. Nílé, èèyàn mẹ́rin ni mo ní: Màámi, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìyániwúrà, Hortense ìyàwó mi, Ọmọlará, ọmọ ọdún mẹ́fà tí ẹnu rẹ̀ ti pé ọgọ́ta, àti Jádesọ́lá.

Aránṣọ ni Hortense, ṣùgbọ́n kò ní ìsọ̀ kankan. Inú ilé wa ló ti ń rán an, lórí ẹ̀rọ aláfọwọ́yí kan tí bàbá rẹ̀ fún un nígbà tí mo gbé e níyàwó. Bó bá ti ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà, á máa ké bí àgbébọ̀ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Aṣọ funfun ìjọ wa, ìjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ló máa ń rán jù, tí ilé wa fi ń funfun bí ẹni pé àwọsánmọ̀ ló wá sùn síbẹ̀.

Ẹ sì mọ̀ pé àwa kì í rán aṣọ ọmọ bí ọmọ ṣe rí lónìí. Bí ọmọ ṣe máa rí lọ́dún tó ń bọ̀ la máa ń rán. Hortense ti sọ èyí di iṣẹ́ ọnà. Ẹ̀wù funfun tí Jádesọ́lá fi ń jáde, ó gé e gùn bíi ti bíṣọ́ọ̀bù, ó wá ká etí rẹ̀ sókè ní ìlọ́po mẹ́jọ, ó rán ìlọ́po kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀. Bí ọmọ bá ga, á tú ìlọ́po kan. Ìṣẹ́tí ẹ̀wù náà ki bí ìgbátí fìlà àgbà. Ẹ fi ìṣẹ́tí yìí sọ́kàn o, òun ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀, òun náà ló sì parí rẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ibà mú Jádesọ́lá, ìgbẹ́ gbuuru sì tẹ̀ lé ibà. Ara ọmọ náà fà. Ó gbẹ débi pé bí mo bá gbé e sójú oòrùn, òjìji rẹ̀ á sanra jù ú lọ. A gbé e lọ sí Sakété, sọ́dọ̀ Madámú Pauline tó ń tọ́jú àwọn ọmọ ọwọ́. Madámú gbé e lé òṣùwọ̀n, ó di kílò mẹ́fà àti díẹ̀.

“Ìyá ọmọ,” Madámú wí, “mo fún yín ní oṣù kan. Ẹ fún un ní oúnjẹ tó ń ṣe ara lóore. Bí kò bá pé kílò méje nígbà tí ẹ bá padà wá, ilé ìwòsàn ńlá ní Àjàṣẹ́ ni mo máa fi ẹ̀yin méjèèjì ránṣẹ́ sí. Oṣù kan lẹ máa lò níbẹ̀. Ó lè jẹ́ méjì.”

Hortense di ọmọ mú ṣinṣin títí a fi délé. Ọmọkùnrin tó ṣáájú Jádesọ́lá, Àjàṣẹ́ la gbé e lọ. A kò gbé e bọ̀. Èmi tí mo lè fi ìsìnkú ṣe yẹ̀yẹ́, n kò rí yẹ̀yẹ́ kankan fi ìyẹn ṣe.

La bá kọjú sí oúnjẹ. Ògì àti ẹ̀pà lílọ̀ láàárọ̀, ẹ̀wà tí a yọ èèpo rẹ̀ lọ́sàn-án, ẹyin nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Ẹyin tí ọmọ náà jẹ lóṣù yẹn, ó pọ̀ débi pé àwọn adìyẹ àdúgbò wa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ yé ní ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òṣùwọ̀n nílé wa. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, mo gbé e lọ́wọ́, mo ní, “Kílò méje rèé!” Màámi gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní, “Mẹ́fà ni, ìwọ òpùrọ́ yìí.” Hortense gbà á, ó kàn gbé e mọ́ àyà, kò dárúkọ kílò kankan.

Ibẹ̀ ni èṣù ti bá mi sọ̀rọ̀. Bóyá kì í tiẹ̀ ṣe èṣù. Èmi náà lè dá a rò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, Hortense lọ fi aṣọ jíṣẹ́ fún àwọn ará ìjọ. Mo gbé ẹ̀wù Jádesọ́lá sórí itan mi, mo mú abẹ́rẹ́ tí a fi ń rán àpò, mo tú ẹnu ìṣẹ́tí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹkùrọ́ sínú ìlọ́po wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹkùrọ́ pọ̀ ní ibi iṣẹ́ wa ju iyanrìn lọ. Mo ti ki ọgọ́rin sínú rẹ̀ nígbà tí Ọmọlará wọlé.

“Bàbá, kí lẹ ń ṣe sí ẹ̀wù Jádesọ́lá?”

“Mò ń gbin ọ̀pẹ.”

“Sínú aṣọ?”

“Inú aṣọ funfun ló ti máa ń tètè hù.”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀ bí ìyá ọkọ. “Ṣé kí Jádesọ́lá lè wúwo ni, kí wọ́n má gbé e lọ?”

Mo ní, “Bí o bá sọ fún ẹnikẹ́ni, ahọ́n rẹ á di ewé.”

“N kò ní sọ,” ó wí, ó sì jáde jẹ́jẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ níṣẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, n kò rí ṣòkòtò kákí mi tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́. N kò rí àgádágodo kẹ̀kẹ́ mi náà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo fi olè bú àdúgbò láti ọjà títí dé ojú irin. Mo ní kí sàngbá fọ́ mọ́ olè náà lórí, kí ṣòkòtò yẹn máa jó o ní ìdí bí ewé èsìsì. Hortense ń yí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó kàn ní, “Ẹ rọra ṣépè, Bàbá Ọmọlará. Èèyàn ò mọ ìdí ẹni tó wà nínú rẹ̀.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Hortense ló wọ aṣọ fún ọmọ. Ó gbé e fún Màámi, ó lọ wẹ̀. Màámi gbé e wọ yàrá, ó pẹ́ díẹ̀, ó gbé e jáde fún Ọmọlará, ó lọ wá ìborùn rẹ̀. Ọmọlará gbé e lọ sẹ́yìn ilé, òun náà pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó wá kàn mí, tí mo gbé ọmọ náà, èjìká mi dún kẹ́kẹ́. Mo ní nínú ara mi pé, Lucien, o ti ṣe é! Ẹkùrọ́ ọgọ́rin nìyí! Hortense gbà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Màámi fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọlará rẹ́rìn-ín jù wá lọ. N kò mọ̀ pé ẹ̀rín ara rẹ̀ ni olúkúlùkù ń rín.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá jì, ara ọmọ á dún ṣakaṣaka. Bó bá dún, màá wúkọ́. Màámi á gbé orin ìjọ sókè. Hortense á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ọyẹ́ ọdún yẹn fún ẹni tí kò bi í. Mo rò pé wọ́n kàn ń dunnú ni. Obìnrin kan tó gbé agbọ̀n tòmátì wọlé láti Yoko tẹ́tí títí, ó ní, “Ìyá ọmọ, ẹ dákun, kí ló ń dún lára ọmọ yín bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀?”

“Egungun rẹ̀ ló ń le,” mo dáhùn. “Oúnjẹ tó ń jẹ ti dé inú egungun.”

Obìnrin náà gbé ọmọ tirẹ̀ sí etí, ó mì í díẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Inú rẹ̀ bàjẹ́.

A dé ọ̀dọ̀ Madámú Pauline. Àwọn ìyá ti kún bẹ́ǹṣì. Obìnrin alátòmátì yẹn náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tí kò dún. Nítorí ọyẹ́ òwúrọ̀, Madámú kì í bọ́ aṣọ lára àwọn ọmọ. Ó máa ń wọ̀n wọ́n pẹ̀lú aṣọ, á wá yọ díẹ̀ kúrò. Ó gbé Jádesọ́lá sínú àwo òṣùwọ̀n. Àwo náà dún gbì. Ó ti irin òṣùwọ̀n sí méje, kò tó. Ó tì í sí mẹ́jọ, kò tó. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

“Kílò mẹ́sàn-án dín díẹ̀,” ó wí. “Ní oṣù kan?”

Bẹ́ǹṣì hó yèè. “Ìyá ọmọ, ẹ sọ ohun tí ẹ fún un jẹ fún àwa náà o!”

Èmi tí kò yẹ kí n sọ̀rọ̀, mo la ẹnu mi. “Ẹ̀wà ni,” mo ní. “Ẹyin ni. Àti afẹ́fẹ́ orí ọ̀pẹ, mo máa ń dì í bọ̀ nínú àpò.”

Ibi tí mo ti ń fẹ́ ẹnu lọ́wọ́ ni Jádesọ́lá ti ju ẹsẹ̀ kan. Ọmọ tó ti ń jẹ ẹyin lóṣù kan, ẹ mọ ẹsẹ̀ rẹ̀! Òwú tí mo fi rán ìṣẹ́tí já. Ẹkùrọ́ kan bọ́ sínú àwo, kó. Òmíràn, kó. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ wọn tú wálẹ̀ bí òjò yìnyín, wọ́n ń yí káàkiri abẹ́ bẹ́ǹṣì, àwọn ọmọ ń lé wọn, àwọn ìyá ń gbé ẹsẹ̀ sókè.

“Kí nìyí?” Madámú bèèrè.

“Bàbá Ọmọlará!” Hortense pè mí. Ìpè náà gùn.

Ará Yoko náà dìde. “Háà, mo mọ̀ ọ́n! Lucien onígẹ̀gẹ̀ irọ́ ti Pobè nìyí! Òun ló sọ fún wa pé ọkọ̀ ojú irin ń jẹ àgbàdo! Èèyàn mẹ́ta ló gbé àgbàdo wá síbùdókọ̀!”

“Mẹ́ta péré?” mo ní.

“Ọkọ mi wà nínú wọn!”

Madámú kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ ẹ̀wù náà kúrò, ó tún wo òṣùwọ̀n. Ó ṣì lé ní mẹ́jọ. Ó wo ọmọ náà dáadáa. Lábẹ́ ẹ̀wù, yẹ̀rì kan wà lára rẹ̀, yẹ̀rì kákí alápò méjì, bọ́tìnì mẹ́rin níwájú, pẹ̀lú ibi tí ẹ̀gún ọ̀pẹ ti ya ní orúnkún.

“Ṣòkòtò mi!” Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n gbọ́ ọ ní Ìlú Òyìnbó.

Ilẹ̀ ni Hortense ń wò. “Orúnkún rẹ̀ kúkú ti ya tẹ́lẹ̀,” ó wí pẹ̀lú ohùn kékeré. “Mo ṣe é ní ìlọ́po mẹ́ta.”

Madámú bọ́ yẹ̀rì náà. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ dún ṣakaṣaka. Lágídígba ni, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí dúdú ńláńlá tí Màámi fi wọ ilé ọkọ, ó ti wé e mọ́ ìdí ọmọ náà ní yíyí márùn-ún. Ojú gbogbo wa yí sí Màámi. Màámi ń ka igi àjà.

“Ìyá, tiyín ni?”

“Òtútù ọyẹ́ yìí pọ̀, ọmọ mi.”

“Ṣé ìlẹ̀kẹ̀ ń dí òtútù ni?”

“Tèmi ń dí i,” Màámi dáhùn. “Ó ti wà lára mi tipẹ́, ó gbóná.”

Ó ku ìlédìí. Nígbà tí Madámú tú u, àgádágodo kẹ̀kẹ́ mi jábọ́ sílẹ̀, ó tutù, ó sì ń rùn. Ọmọlará wá fa aṣọ mi.

“Bàbá,” ó ní, “èmi ò sọ fún ẹnikẹ́ni o.”

Bẹ́ǹṣì wó. Mo ní ó wó! Obìnrin kan rẹ́rìn-ín títí ọmọ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún fún un. Ṣùgbọ́n Madámú gbé Jádesọ́lá sórí òṣùwọ̀n ní ìhòòhò, ó ti irin náà díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rín sì kú lẹ́nu gbogbo wa.

Kílò méje kò pé. Ohun tó kù kò ju ẹyin adìyẹ méjì lọ, ṣùgbọ́n kò pé.

“Madámú, ẹyin méjì péré…” mo bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ dákẹ́, bàbá ọmọ.” Kò pariwo, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí. “Ṣé ẹ rò pé òṣùwọ̀n ni mò ń tọ́jú? Ká ní mo kọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, tí ọmọ yìí sì ń gbẹ lọ nínú kákí, ta ló máa mọ̀? Ẹ ní ẹ fún un ní ẹyin. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹyin yẹn náà kì í ṣe ẹkùrọ́?”

Ẹ wò ó, mo ti parọ́ fún ọ̀gá iṣẹ́, mo ti parọ́ fún ará ìjọ, fún ará Yoko, fún àna mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo ní òótọ́ lọ́wọ́ tí kò sẹ́ni tó lè rà á. Ọmọ náà jẹ ẹyin! Mo rí i bó ṣe jẹ ẹ́!

Madámú fa ìwé kan jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ìwé Àjàṣẹ́ ni. Hortense mú ẹ̀wù funfun náà, ọwọ́ aránṣọ kì í lè jókòó lásán, ó ń yọ ẹkùrọ́ tó kù nínú rẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ na ìṣẹ́tí tó tú náà, omijé rẹ̀ sì ń kán sí i.

Madámú dá kíkọ dúró. “Ìyá ọmọ, àwọn ìlà wo nìyẹn lára aṣọ?”

Hortense nu ojú. “Ibi tí mo ti ká a tẹ́lẹ̀ ni, Madámú. Bó bá ga, màá tú ìlọ́po kan. Ìlọ́po kan, ìka kan.” Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. “Ìgbà ìkórè rèé. Ìgbà tí òjò dá nìyí. Láti ibí, n kò tú nǹkan kan fún oṣù méjì. Ìgbà ibà nìyẹn.”

“Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́?”

“Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí a wá síbí. Èyí, ọ̀sẹ̀ tó kọjá.” Ó gbé ẹ̀wù náà lé ọmọ lára, ó fà á wálẹ̀. Etí rẹ̀ kò dé ọrùn ẹsẹ̀. “Ó sì tún ti kúrú.”

Madámú tẹjú mọ́ ọn. “Ṣé ẹ kò lè fi èyí náà parọ́ fún mi?”

“Aṣọ funfun kì í gbàgbé ibi tí a ti ká a,” Hortense dáhùn. “Ẹ wo ìlà àtijọ́, ìdọ̀tí ti wọ inú rẹ̀. Ẹ wo tuntun. Ká ní mo fẹ́ fi èyí parọ́, ǹ bá ti ní láti bẹ̀rẹ̀ irọ́ náà lọ́jọ́ tí mo bí i.”

Madámú fi ìka tọ àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ìwé. Ó la ẹnu Jádesọ́lá, ó rí ehín tuntun méjì. Ó mú ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó fẹ́ fi jẹun ọ̀sán, ó já díẹ̀ fún un. Jádesọ́lá gbé e mì. Ó tún já a, ó tún gbé e mì. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ọmọ náà gba ìyókù lọ́wọ́ rẹ̀ tòun ti ewé, ọpẹ́lọpẹ́ Màámi tó tètè gba ewé náà kó tó wọlé.

“Ọmọ tó ń ga, tó sì ń jẹun báyìí,” Madámú wí, “mo lè máa wò ó láti ìhín.” Ó ya ìwé Àjàṣẹ́ sí méjì. “Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹ máa gbé e wá. Ní ìhòòhò! Mo ní ní ìhòòhò, Ìyá, kò sí ìlẹ̀kẹ̀!”

“Kò sí òtútù mọ́,” Màámi wí.

Hortense jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó gbé ọmọ mọ́ra, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Mo ti ń yọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí Madámú pè mí.

“Bàbá ọmọ, ta ló já ìṣẹ́tí yẹn?”

“Ọmọ ni.”

“Ta ló fi òwú àpò rán an?”

Mo ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó na ẹ̀wù náà sí mi. Hortense tú ìlọ́po kan sí i, ó fi ẹ̀fun fa ìlà sí ibi tuntun náà, ó kó abẹ́rẹ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ gidi, tó kéré débi pé ojú rẹ̀ kò gba èrò inú mi. Mo jókòó láàárín àwọn ìyá, mo sì ń rán an. Mo gún ara mi ní ìgbà egbèje.

“Ẹ fà á díẹ̀, Bàbá Ọmọlará,” Hortense ń wí.

“Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin bá a rán an,” ará Yoko náà wí, “bó bá ti jẹ àgbàdo tán.”

Nígbà tí mo parí, àwọn ìlà Hortense tọ́ bí irin ọkọ̀, tèmi rí wọ́gọwọ̀gọ bí ọ̀nà oko Yoko. Hortense ní tí a bá délé òun á tú u, òun á tún un rán. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Jádesọ́lá kọjá kílò méje ní ìhòòhò goloto, bẹ́ǹṣì pàtẹ́wọ́. Kákí mi di yẹ̀rì títí ayé. Àgádágodo mi rùn fún oṣù mẹ́ta, kò sí olè tó jẹ́ sún mọ́ kẹ̀kẹ́ mi.

Ìlà wọ́gọwọ̀gọ yẹn, Hortense kò tú u mọ́. Jádesọ́lá ló ga débi tí wọ́n fi ní láti tú u.